Ẹni Tó Bá Ra Àpótí, Ó Ń Lọ Síbì Kan

Dọ́là mẹ́ta àti sẹ́ńtì méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n ń ta ìkòkò òdòdó kékeré kan ní Smyrna níbí, lẹ́bàá Atlanta, nígbà tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Òdòdó wẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń gbìn sí ẹnu ọ̀nà kí ilé lè dà bí ẹni pé ó ń rẹ́rìn-ín. Kò ṣeé jẹ. Kò ṣeé fi se ọbẹ̀. Ewúrẹ́ ìyá mi ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ẹ fi owó òdòdó yìí sọ́kàn o, ẹ má jẹ́ kó jábọ́, torí òun ló gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń jáde ní college, tí ẹ máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn pé, "Grandma Box, iṣẹ́ wo ni kí n ṣe báyìí?", ẹ fìdí kalẹ̀. Mi ò kàwé lọ títí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà náà, ojú fèrèsé ni mo ń wò jù. Ṣùgbọ́n mo ta àpótí láti ìgbà tí mo ṣì ń fa imú títí di ìgbà tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ọjọ́ kan tí iṣẹ́ náà sú mi. Àpótí ìrìn-àjò ni mò ń wí o, kì í ṣe àpótí ìjókòó. Èyí tí èèyàn ń di ẹrù sí tó bá fẹ́ sá, tó bá fẹ́ gbéyàwó, tàbí tó bá fẹ́ lọ fi ara rẹ̀ han àwọn ará ilé pé òun ti rí ṣe ní Amẹ́ríkà.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gba ìtàn. Ìyá mi mú mi lọ sí Ìdúmọ̀tà l'Ékòó, sọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo ayé ń pè ní Alájà Alápòótí. Alájà wò mí lórí, ó wò mí lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ó dúró ṣinṣin. Fi í sílẹ̀." Ó parí. Owó oṣù? Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀bà ni owó oṣù, ẹran ni owó àjẹmọ́nú, ẹran náà kì í sì í wá lóṣooṣù.

Àmọ́ ẹ̀kọ́! Ẹ gbọ́ bí Alájà ṣe ń kọ́ni. Ó gbé àga kúkúrú kan sí àárín àwọn àpótí tí a tò bí ògiri, ó ní ibẹ̀ ni kí n jókòó, n kò sì gbọdọ̀ bá oníbàárà kankan sọ̀rọ̀ títí òun á fi ní ó yá. Mo jókòó síbẹ̀ títí ìdí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di igi. Bí oníbàárà bá ti ra ọjà, tó bá ti yí ẹ̀yìn padà, Alájà á pè mí.

"Kí ló rà?"

"Àpótí dúdú, ma, èyí tó ní bẹ́líìtì."

"Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ. Ṣé èmi kọ́ ni mo tà á ni? Kí ni kò rà?"

Màá la ẹnu sílẹ̀. Kí ni kò rà! Ṣé kì í ṣe gbogbo ìyókù ìsọ̀ náà ni? Gbà! Igi ìnura ló máa ń fi kàn mí lórí, ìnura oníyẹ̀ẹ́ tí a fi ń nu eruku ara àpótí. Kì í dunni, ṣùgbọ́n ó ń ró, gbogbo ìsọ̀ àyíká á sì mọ̀ pé ọmọ Alájà ò mọ̀ ọ́n.

"Ohun tí èèyàn rà," Alájà á sọ, "òun fúnra rẹ̀ ti fi hàn ọ́. Ohun tó máa ń rà tẹ́lẹ̀ tí kò rà mọ́, ìyẹn ló ń fi pamọ́."

Ẹ ní kí ló kan alápòótí nínú ohun tí oníbàárà ń fi pamọ́? Ayé ológun ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìjọba ìgbà náà kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, nígbà tí wọ́n bá fi máa jáde, wọ́n á ti fòfin de ọjà tí o kó owó ilé rẹ lé lórí. Ẹni tó bá dúró kí wọ́n kéde lórí rédíò, ó ti pẹ́. Alájà ò mọ̀wé kọ, kò mọ̀ ọ́n kà, síbẹ̀ ó ń ra ìwé ìròyìn. Àwòrán ló ń wò. Á tẹ́ tòní sílẹ̀, á tẹ́ ti oṣù tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Wò ó, ta ló dúró ti ọ̀gá nígbà náà?"

"Èyí tó sanra, ma."

"Níbo ló wà lónìí?"

"Ó wà lẹ́yìn, ma. Etí rẹ̀ nìkan ni mo rí."

"Hẹn. Tó bá ti ku etí, kò ní pẹ́ tí kò ní sí etí mọ́."

Àmọ́ ìwé ìròyìn tí Alájà gbà gbọ́ jù ni àwọn ìyàwó ọ̀gá ológun. Wọ́n fẹ́ràn àpótí tó dára. Obìnrin kan wà nínú wọn tí a ń pè ní Màdáàmù Tọ́ọ̀rọ̀, torí tí ó bá ń ná ọjà, títí dé orí tọ́ọ̀rọ̀ ló máa bá ọ já a. Á ná an, á lọ, á padà, á jókòó, á mu omi wa, á tún ná an. Ọdọọdún ló ń ra àpótí gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan láti kó ẹ̀bùn lọ sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó wọlé, àpótí kéékèèké ló ní ká kó wá, èyí tí ọwọ́ lè gbé, ó sì béèrè bóyá kọ́kọ́rọ́ wọn dájú. Alájà dá iye kan tó jẹ́ pé, lójú ara mi, olè ni. Màdáàmù Tọ́ọ̀rọ̀ san án. Kò ná an. Kò tilẹ̀ jókòó.

Bó ṣe jáde, Alájà yíjú sí mi. Mi ò dúró kó gbé igi ìnura. Mo ní, "Alájà, kò ná an!"

Ojú Alájà tàn bíi mọ̀nàmọ́ná. Ó dì mọ́ mi, àkọ́kọ́ rèé láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ló ran àwọn ọmọọṣẹ́ sí èbúté pé kí wọ́n kó gbogbo ọjà rẹ̀ tó wà níbẹ̀ jáde, gbogbo rẹ̀ pátá, kí wọ́n san ohun tí wọ́n bá ní kí wọ́n san. Àwọn ará ìsọ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí Alájà ti dàrú, níbo ló fẹ́ kó àpótí tó tó báyìí sí? Kò pẹ́, kò jìnnà, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ṣọ́jà láàárọ̀. Ìjọba ti yí. Wọ́n ti èbúté pa. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣí i, owó àpótí ti gòkè dé ibi tí ojú ò tó. Alájà nìkan ló ní ọjà ní gbogbo ìlà wa. Ó jó yí ìsọ̀ rẹ̀ ká, ó ń fi ìnura lu àpótí bí ìlù, ó ń pariwo pé, "Ìran kì í wòran! Ìran kì í wòran!"

Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nígbà tó mí délẹ̀. Ẹni tí ayé ń wò, kò ráyè wo ẹni tó ń wò ó. Ìdí nìyẹn tó fi gbé mi jókòó sílẹ̀ láàárín àpótí. Ìyàwó ọ̀gágun ò lè rí ọmọ tó jókòó lórí àga kúkúrú. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí náà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó.

Nígbà tó yá, mo lọ́kọ, ọkọ mi bá ọ̀nà Amẹ́ríkà jáde, èmi náà tẹ̀lé e wá sí Atlanta. Mo tọ́jú arúgbó, mo fọ ilé ìtura, mo kówó jọ, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù àpótí sí plaza kan ní Smyrna. Ìyẹn náà ò gba ìtàn. Ohun tó gba ìtàn ni bí àpótí fúnra rẹ̀ ṣe yí padà lójú mi. Onírin la kọ́kọ́ tà, èyí tó jẹ́ pé tó bá jábọ́ lé ẹsẹ̀ rẹ, o ò ní bá wọn rìnrìn-àjò náà mọ́. Aláwọ dé. Lẹ́yìn náà wọ́n fi táyà méjì sí i nídìí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àpótí tí wọ́n ń fà bí ajá, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbé ọwọ́ lé ìgbáròkó. Ká tó wí, ká tó fọ̀, wọ́n ti fi táyà mẹ́rin sí i. Ìyẹn kò tilẹ̀ fẹ́ kí a fà á, fúnra rẹ̀ ló ń lọ! Ọ̀kan yọ́ lọ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ, ó lọ kan ilẹ̀kùn mọ́tò arábìnrin kan. Arábìnrin náà bínú jáde, ó wo àpótí yẹn tọ̀tún tòsì, ó sì rà á. Oníṣòwò wo ló tún ń wá ẹ̀rí pé Ọlọ́run wà?

Ìwọ̀n náà yí. Apá ni ìwọ̀n Alájà. Èmi lo ìwọ̀n oníkọ̀ọ́ tí a fi ń gbé ẹrù sókè, ìyẹn tún di èyí tó ń kọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé, tí ọmọ kékeré lè jókòó sórí ibùsùn kó fi ìka kan ra àpótí, kí wọ́n gbé e wá bá a nílé. Iṣẹ́ yín náà á rí bẹ́ẹ̀ o, irinṣẹ́ á máa sá níwájú yín. Ẹ má bá a jà. Ohun tó gbà mí là lọ́wọ́ fóònù ni ṣọ́ọ̀ṣì wa. Plaza kan náà ni a jọ wà, ògiri kan ló là wá láàárín, nínú ilé tó jẹ́ súpámákẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹni tó ń lọ sílé, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń bọ̀, ẹni tó ń rán ẹrù, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń ya sí. Nọ́ọ̀sì á dé tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, á ní, "Ma, shift mi máa tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi mú èyí tó lágbára."

Oníbàárà kan ṣoṣo tí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì tí mo fẹ́ràn jù ni Bàbá Ọ̀ṣundélé. Ọmọ Atlanta gidi ni, aláwọ̀ dúdú ará ibí, tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yẹn nígbà tó di ọlọ́ṣun, ọdọọdún ló sì ń lọ sí Òṣogbo. Èmi ọmọ ìjọ, òun ọmọ Ọ̀ṣun, àpótí ló pa wá pọ̀. Á wọlé, á ṣí fìlà, á ní, "Ẹ kú àárọ̀, Ìyá," gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ á dojú bolẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn á wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé iṣẹ́ wo ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní Kremlinology. Mo ní kó tún un pè. Ó tún un pè. Orúkọ náà gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Mo ní ṣé oògùn ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní Kremlin ni orúkọ ilé olódi tí àwọn aláṣẹ Rọ́ṣíà ti ń ṣèjọba, ìyókù tí wọ́n so mọ́ ọn nídìí sì ni ẹ̀kọ́ nípa nǹkan. Ó ní ní ayé ìjọ́sí, àwọn aláṣẹ náà kì í sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni, ìwé ìròyìn wọn kò sì ní ju ìyìn lọ. Nítorí náà àwọn èèyàn bíi tòun á jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n á máa wo àwòrán àwọn ọ̀gá náà lọ́jọ́ ọdún: ta ló dúró ti olórí, ta ló ti sún lọ sẹ́yìn, orúkọ ta ni wọ́n kọ́kọ́ pè, ta ni kò sí níbẹ̀. Ó ní nísinsìnyí, ìjọba èyíkéyìí tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ìbáà jẹ́ ti orílẹ̀-èdè, ìbáà jẹ́ ti iléeṣẹ́, ìbáà ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá ń wo òjìji wọn lábẹ́ ilẹ̀kùn láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, Kremlinology ló ń ṣe.

Mo gbé ìwọ̀n sílẹ̀. "Ẹ dákẹ́ ná, Bàbá. Wọ́n ń sanwó fún yín?"

"Wọ́n ń san án, Ìyá."

"Kí ẹ máa wo àwòrán? Ta ló dúró ti ta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tòun ti ìtọ́jú ilé ìwòsàn?"

"Àti owó ìfẹ̀yìntì."

Mo jókòó sórí àpótí tó fẹ́ rà. Alájà! Alájà mi Alápòótí, tó ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́, tòun ti ẹ̀bà! Mo sọ ìtàn Màdáàmù Tọ́ọ̀rọ̀ fún un, ó pàtẹ́wọ́, ó ní àwọn ìbá gbà á síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn débi pé mo fi bẹ́líìtì àpótí jin ín. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ gígùn pè, èmi rò pé àmèébọ̀ lásán ni!

Bàbá gbé ìka sókè. "A máa ń ṣìnà o, Ìyá. Ìgbà kan wà tí ọ̀gá kan kò sí nínú àwòrán ọdún. A kọ ìwé jàn-ànràn jan-anran pé wọ́n ti lé e kúrò. Ẹ mọ ohun tó ṣe é?"

"Kí ló ṣe é?"

"Eyín ló ń dùn ún."

A rẹ́rìn-ín títí. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti gbé ẹ̀rín mi pa mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, kí òtútù tó lọ tán, onílé wa mú ìwé lease tuntun wá. Ó ní yálà kí n fọwọ́ sí i fún ọdún márùn-ún, tàbí kí n kó jáde tí oṣù kẹfà bá parí. Onílé kan náà ló ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, tiwọn náà sì ti fẹ́ parí. Ẹ wá wo ibi tí mo há sí. Tí mo bá fọwọ́ sí i, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá kó lọ, ọdún márùn-ún ni màá fi san owó ilé láti máa ta àpótí fún afẹ́fẹ́. Tí n kò bá sì fọwọ́ sí i, ilé Bísí ọmọ mi ti ń dúró dè mí. Nọ́ọ̀sì ni Bísí, ó bí ìbejì, ìbejì náà sì ti mọ orí àga í gùn.

"Mọ́mì, ẹ wá sinmi nílé," Bísí ń wí ṣáá. "Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó."

"Ìsinmi tí ìbejì wà nínú rẹ̀, ìsinmi wo nìyẹn?"

"Ṣé ẹ ò kàn lè bi Pastor bóyá àwọn ń kó lọ ni?"

Béèrè! Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà! Mo bi Pásítọ̀ o. Mo dọ́gbọ́n bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn. Pásítọ̀ di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà sí i." Ẹ gbọ́ èsì! Ilé olódi Rọ́ṣíà ò lè dáhùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ló bá di pé kí n ṣe iṣẹ́ tí Alájà kọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ṣọ́ọ̀ṣì. Ara mi ya gágá, ó dà bí ẹni pé mo tún ti padà sórí àga kúkúrú yẹn. Ìgbìmọ̀ àgbà ìjọ ń ṣèpàdé, wọ́n ń jáde pẹ̀lú ẹnu dídì. Díkónì Adéwálé, ẹni tó ń bá èèyàn ra ilé tó ń bá èèyàn tà á, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó tẹ́lẹ̀. Lójijì ó ti wà níwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan Pásítọ̀. Òrùlé ń jò níbi tí àwọn akọrin ń dúró, wọ́n gbé báàkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, wọn ò tún un ṣe. Mo ní hẹn-ẹn.

Ìgbà náà ni òdòdó dé. Ọdọọdún, tí òtútù bá ti lọ, Mama Tolú, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ, máa ń gbin òdòdó yí pátákó ṣọ́ọ̀ṣì ká, ó máa ń lẹ́wà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, oṣù kẹta lọ, oṣù kẹrin wọlé, ilẹ̀ pupa Georgia lásán ló wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Mo wakọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tà á láti lọ béèrè iye tó jẹ́. Dọ́là mẹ́ta àti sẹ́ńtì méjìdínlọ́gọ́rin! Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gba ìdámẹ́wàá dókítà ni kò lè ra òdòdó yẹn? Mo gbọ́ igi ìnura lórí mi, gbà! Ohun tó máa ń rà tẹ́lẹ̀ tí kò rà mọ́! Ta ló ń gbin òdòdó sílé tó fẹ́ kó kúrò nínú rẹ̀?

Mi ò fọwọ́ sí lease. Mo kọ "CLEARANCE" gàdàgbà sójú dígí pẹ̀lú àwọ̀ pupa. Mo ní kí àwọn tó ń kó ọjà wá fún mi dúró ná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta àpótí ní iye tí mo rà á, nígbà tó yá, ó tún wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀dá alààyè. Mo fẹ́ kí Pásítọ̀ kéde tán, kí n wá sọ pé mo ti mọ̀. Bísí pàápàá bi mí, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà sí i."

Díkónì Adéwálé yà wọlé lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó wo orí pẹpẹ tó ti ń ṣófo, ó wo àwọ̀ pupa ojú dígí.

"Màmá, ẹ wá ń ta gbogbo rẹ̀ pọ́ọ́kú báyìí?"

"Bí ayé ṣe rí ni, Díkónì."

"Kò sí nǹkan, àbí?"

"Kí ni ì bá wà?"

Ó gbójú sókè wo àjà. Ó mú àpótí kan tí kò tilẹ̀ ṣí wò, ó san owó tí mo pè, ó jáde. Kò ná an! Ọmọ Ìjẹ̀bú, kò ná an! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò jan òrùlé. Màdáàmù Tọ́ọ̀rọ̀ ti jí dìde ní Smyrna! Mo gbé ìnura, mo fi lu àpótí tó kù, mo ń jó, mo ń pariwo pé, "Ìran kì í wòran!"

Nígbà tó di Ìsinmi kan nínú oṣù kẹfà, Pásítọ̀ gun orí pẹpẹ, wọ́n ní Ọlọ́run ti ṣe é: ìjọ ti ra ilé tirẹ̀ ní Covington. Kí wọ́n tó sọ "Covington" tán mo ti wà lókè. Halelúyà tí mo kígbe lọ́jọ́ náà, akọrin gbà á bí orin. Àwọn èèyàn rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi. Ìgbéraga ni. Mo mọ̀ ọ́n! Mo mọ̀ ọ́n ṣáájú gbogbo yín!

Bí a ṣe jáde ni mo lọ bá Díkónì Adéwálé níbi tí òun àti Pásítọ̀ dúró sí. Mama Tolú jókòó sórí àga nítòsí wọn, ọ̀pá lọ́wọ́.

Mo ní, "Díkónì, ẹ rò pé ẹ ń fi pamọ́ fún mi, àbí? Láti oṣù kẹrin ni mo ti mọ̀!"

Díkónì wo Pásítọ̀. Pásítọ̀ wo Díkónì. Díkónì ní, "Màmá, ní oṣù kẹrin, a ò tíì ní i lọ́kàn láti kó lọ."

"Ẹ má tan arúgbó jẹ o. Kí ló gbé yín lọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ̀rọ amúlétutù ni, ma. Ó ń fẹ́ sí mi lórí níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀."

"Òrùlé ńkọ́?"

"Onílé ló ní òun máa tún un ṣe."

"Òdòdó ńkọ́?" Ohùn mi ti ń wálẹ̀.

Mama Tolú gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Orókún mi ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, arábìnrin. Ta ló fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ gbin òdòdó? Ìwọ ni?"

Orókún! Ẹ rántí eyín ọ̀gá Rọ́ṣíà?

Mo ní, "Kí ló wá lé yín lọ sí Covington?"

Díkónì tẹjú mọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo ń ṣeré. "Ẹ̀yin ni, ma. Mo rí i tí ẹ ń ta gbogbo ọjà yín. Mo lọ sọ fún ìgbìmọ̀ pé Ìyá Alápòótí, tí ojú wọn mú tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ti gbọ́ nǹkan lẹ́nu onílé. A ní wọ́n ti fẹ́ ta plaza náà, wọ́n fẹ́ wó o mọ́ wa lórí. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé kíákíá."

"Èmi sọ fún yín pé wọ́n fẹ́ wó o?"

"Ẹ ò sọ nǹkan kan, ma. Ohun tó dẹ́rù bà wá gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ tilé tọ̀nà tẹ́lẹ̀, ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, àga kúkúrú yẹ̀ mọ́ mi nídìí. Mo ti gbàgbé pé mi ò jókòó sáàárín àpótí mọ́. Èmi ni mo kọ àwọ̀ pupa gàdàgbà sójú dígí! Mo ń wòran wọn, àwọn náà fi mí ṣe ìran, ohun tí mo máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí mi ò ṣe mọ́ ni wọ́n sì fi mú mi. Pásítọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di Díkónì mú. Mama Tolú ní kí wọ́n má pa òun lẹ́rìn-ín, orókún òun ò tíì jinná. Èmi náà kò lè pa á mọ́ra. A rẹ́rìn-ín débi pé oúnjẹ tí wọ́n ń pín tutù.

Onílé dé lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Kò fẹ́ wó nǹkan kan, kò fẹ́ ta nǹkan kan. Ó tilẹ̀ ti pe àwọn tó máa tún òrùlé ṣe. Ó ní òun máa dín owó ilé kù fún mi tí mo bá lè dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni màá máa tà á fún? Covington sì jìnnà sí ojú mi, mi ò wakọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, Bísí ló ń gbé mi lọ fún ìsìn. Báyìí ni Bísí ṣe borí. Àwọn ìbejì ti mọ Grandma Box nísinsìnyí, mo sì ti ń bi wọ́n pé kí ni ọ̀rẹ́ wọn kò mú wá sílé ìwé lónìí. Ọ̀kan ti ń mọ̀ ọ́n.

Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ wá iṣẹ́ tó máa ń pa yín lẹ́rìn-ín títí kan ọjọ́ tó bá gbé yín ṣubú. Ìyẹn nìkan ni mo ní láti sọ.

Lọ́jọ́ tí mo ń palẹ̀ mọ́, Bàbá Ọ̀ṣundélé wọlé, ó ń múra Òṣogbo. Àpótí kan ṣoṣo ló kù, mo ní kó máa mú un lọ. Mo ro gbogbo ẹjọ́ fún un, òdòdó, orókún, Díkónì tí kò ná ọjà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi fìlà nu omijé ẹ̀rín.

"Ìyá," ó ní, "iṣẹ́ wa gẹ́lẹ́ nìyẹn. Tí àwọn ará Rọ́ṣíà bá wúkọ́, àwa á ra ìbọn. Tí àwa bá ti ra ìbọn, àwọn náà á ra tiwọn. Gbogbo rẹ̀, torí ẹni tí eyín ń dùn."

"Èló ló wá ná yín, Bàbá?"

"Kò sẹ́ni tó lè ka iye náà láéláé. Tiyín ńkọ́?"

Ti pé mo ta gbogbo ọjà ìsọ̀ mi ní ọ̀pọ̀, tí mo fi sá fún ìjọ tí kò ní i lọ́kàn láti lọ síbì kankan, mo ti ṣírò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo na ọwọ́ gba fìlà rẹ̀, mo fi nu ojú tèmi náà.

Mo ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dọ́là ó lé ogóje."